Láti 750 náírà sí 1,450: Bí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ṣe ń bá HMO àti àwọn aṣòfin fa ọ̀rọ̀ owó ìtọ́jú

Ẹni tó bá mú 750 náírà wọ búkà lónìí, bóyá ló máa yó kó tó dìde. Ṣùgbọ́n fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá, 750 náírà yìí kan náà ni ètò ìlera adójútòfò ìjọba àpapọ̀ ń san fún ọsibítù láti fi tọ́jú odidi èèyàn kan fún odidi oṣù kan. Ọdún 2025 ni àjọ NHIA, tó ń rí sí ètò náà, tó kéde pé owó ọ̀hún ti di 1,450 náírà.

Owó náà kò déédéé gòkè. Àwọn ẹgbẹ́ dókítà àtàwọn tó ni ọsibítù aládàáni ti pariwo lórí ẹ̀ títí tí ohùn wọn fi fẹ́ẹ̀ há. Wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n ṣèpàdé, wọ́n halẹ̀, wọ́n tún padà sídìí tábìlì. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tá à ń mú káàdì lọ sí ọsibítù kò sì mọ̀ pé ìjà kankan ń lọ. Ohun tá a kàn máa ń rí ni pé nọ́ọ̀sì á ní ká jókòó ná, kóòdù kò tíì dé. Tàbí kí wọ́n ní oògùn tí dókítà kọ kò sí nílẹ̀, ká lọ rà á níta.

Ìdí nìyí tá a fi ní ká tú ọ̀rọ̀ náà wò lónìí. Ta ló ń gbẹnu sọ fún dókítà níwájú àwọn tó ń sanwó? Ta ló ń gbẹnu sọ fún un níwájú àwọn tó ń ṣòfin? Nígbà tí gbogbo wọn bá sì jókòó tán, ta ló ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tó ń ṣàìsàn?

ỌNÀ TÍ OWÓ Ń GBÀ

Òfin tó dá ètò náà sílẹ̀ ti wà láti ọdún 1999, ṣùgbọ́n ọdún 2005, lásìkò ìjọba Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ló tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. NHIS ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tuntun, NHIS wá di NHIA. Òfin náà sì sọ pé dandan ni kí gbogbo ẹni tó ń gbé ní Nàìjíríà ní adójútòfò ìlera.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Bí òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan bá forúkọ sílẹ̀, ètò náà kó òun fúnra ẹ̀, ọkọ tàbí ìyàwó ẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí ọjọ́ orí wọn kò tíì pé 18. Owó kì í ti ọ̀dọ̀ NHIA bọ́ sọ́wọ́ dókítà tààrà. Àwọn iléeṣẹ́ alágbàtà kan wà láàárín, HMO la mọ̀ wọ́n sí. Ọwọ́ wọn ni owó ń gbà kọjá kó tó dé ọsibítù.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà san án. Àkọ́kọ́ ni èyí tí àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà ń pè ní kapitéṣàn: iye kan pàtó lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù, yálà onítọ̀hún ṣàìsàn tàbí kò ṣàìsàn. Inú owó yìí ni káàdì, rírí dókítà, àyẹ̀wò kéékèèké àti oògùn àìsàn tí kò le ti ń jáde. Ọ̀nà kejì ni ti àìsàn tó bá ju ìyẹn lọ, bí iṣẹ́ abẹ, tàbí kí wọ́n gbé èèyàn lọ bá dókítà àgbà tó mọ̀ nípa àìsàn kan pàtó. Fún ìyẹn, ọsibítù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba kóòdù àṣẹ lọ́wọ́ HMO, kó ṣiṣẹ́ tán, kó kọ ìwé owó ránṣẹ́, kó sì máa retí ìgbà tí wọ́n máa san án.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò díẹ̀ ṣàlàyé. Ká ní ọsibítù kan ní 1,000 èèyàn lórí ìwé. Bó bá jẹ́ 750 náírà lórí ẹnì kan, 750,000 náírà ló máa wọlé lóṣù. Bí 200 nínú wọn bá wá gba ìtọ́jú lóṣù náà, 3,750 náírà ló bọ́ sórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nínú ẹ̀ ni owó dókítà, owó nọ́ọ̀sì, àyẹ̀wò ibà, oògùn àti epo jẹnẹrétọ̀ ti máa jáde. Bó bá jẹ́ 400 ló wá, ó ti já sí 1,875 náírà lórí ẹnì kan.

Ẹ tún wo bí náírà fúnra ẹ̀ ṣe yọ́ lọ́wọ́ wa. Lọ́dún 2012, nǹkan bíi 160 náírà ni wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là kan, ìyẹn ni pé 750 náírà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dọ́là márùn-ún. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, dọ́là kan ti lé ní 1,500 náírà, 750 náírà kò sì tó ààbọ̀ dọ́là mọ́. Bẹ́ẹ̀, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ oògùn àti irinṣẹ́ àyẹ̀wò ti ń wá. Ọsibítù tó bá ń ra oògùn ní owó òní, tó sì ń gba owó àná lọ́wọ́ HMO, kò sí bí kò ṣe ní wá ibòmíràn tó máa ti rí i yọ. Ẹni tó ń ṣàìsàn ló sì sábà máa ń jẹ́ ibòmíràn yẹn.

ÀGBÁJỌ ỌWỌ́ LA FI Ń SỌ̀YÀ

Ẹnì kan lè béèrè pé: kí ló dé tí dókítà tí owó náà kò tẹ́ lọ́rùn kò kúkú kọ̀ ọ́? Ìdáhùn ẹ̀ kò le. Bí ọsibítù kan bá kọ̀, ọsibítù kejì tó wà ládùúgbò ni àwọn oníbàárà ẹ̀ máa gbà lọ. Ọsibítù kan ṣoṣo kò lágbára níwájú iléeṣẹ́ tó ní àdéhùn pẹ̀lú ọsibítù rẹpẹtẹ káàkiri ìlú. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi kó ara wọn jọ.

Ẹgbẹ́ wọn pọ̀, iṣẹ́ wọn sì yàtọ̀ síra. NMA ni ìyá ẹgbẹ́, gbogbo dókítà ló kó mọ́ra. MDCAN ni ti àwọn dókítà àgbà tó wà ní ọsibítù ńláńlá, NARD sì ni ti àwọn tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ láti di àgbà. Àwọn tó ní ọsibítù aládàáni ní ANPMP àti Guild of Medical Directors, nígbà tí HCPAN kó àwọn tó ń bá ètò adójútòfò ṣiṣẹ́ jọ. Lẹ́yìn èyí ni ẹgbẹ́ àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan: SOGON ti àwọn dókítà tó ń gbẹ̀bí tó sì ń tọ́jú àìsàn obìnrin, PAN ti àwọn dókítà ọmọdé, àtàwọn ti ojú, ti ọkàn, ti kíndìnrín, títí dé ti àwọn tó ń fún èèyàn ní oògùn oorun kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ. Àwọn HMO náà kò fọwọ́ lẹ́rán o, wọ́n ní ẹgbẹ́ tiwọn, HMCAN lorúkọ ẹ̀.

Kí ni ẹgbẹ́ wá ń ṣe fún dókítà? Àkọ́kọ́ ni ìṣirò. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ló mọ iye wákàtí tó ń gbà, iye òwú, oògùn àti òṣìṣẹ́ tó ń lọ sí i. Bí ẹgbẹ́ kò bá gbé ìṣirò yẹn síwájú àwọn tó ń sanwó, iye tó bá wu àwọn yẹn ni wọ́n máa kọ sílẹ̀. Èkejì, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ ló ń jókòó sídìí tábìlì nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tún iye owó ṣe. Ẹ̀kẹta, wọ́n ń gbé ẹjọ́ ọmọ ẹgbẹ́ tí HMO jẹ ní gbèsè lọ bá NHIA. Ẹ̀kẹrin, bí gbogbo ẹ̀ bá kùnà, wọ́n á halẹ̀ pé àwọn kò ní dá ẹni tó bá mú káàdì adójútòfò wá lóhùn mọ́.

Ohun tó jáde lọ́dún 2025 kì í ṣe ti kapitéṣàn nìkan, èyí tó fi ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè. NHIA tún sọ pé owó tí wọ́n ń san lórí iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ọ̀nà kejì tí a sọ lókè, fi ìdá 378 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Wọ́n sì pàṣẹ pé HMO kò gbọ́dọ̀ fi kóòdù falẹ̀ ju wákàtí kan lọ. Ẹni tó bá ti jókòó ti aláìsàn rí ní ọsibítù, tó ń retí kóòdù láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, máa mọ̀ pé wákàtí kan yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Àwọn HMO náà ní tiwọn láti sọ. Àlàyé wọn ni pé owó tí ìjọba àtàwọn iléeṣẹ́ ń dá lórí òṣìṣẹ́ kéré, àwọn kò sì lè fún ọsibítù ní ohun tí kò sí lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n tún ní àwọn ọsibítù kan máa ń kọ owó iṣẹ́ tí wọn kò ṣe, ìdí nìyẹn tí àwọn fi ń yẹ ìwé wò kí àwọn tó sanwó. Kò sí bí èèyàn ṣe máa sọ pé irọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń yẹ ìwé wò bá tún jẹ́ ẹni tí owó ṣẹ́kù sí lọ́wọ́ nígbà tí kò bá san án, ó yẹ kí ẹlòmíràn máa ṣọ́ òun náà.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE É L'AMẸ́RÍKÀ

Orúkọ HMO tí à ń pè yìí, Amẹ́ríkà ló ti wá. Ọdún 1973 ni Ààrẹ Richard Nixon buwọ́ lu òfin tó jẹ́ kí irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbilẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wọn la ti rí àṣà náà, tí ọ̀pọ̀ dókítà ọmọ Yorùbá sì wà níbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́, ó yẹ ká wo bí ẹgbẹ́ dókítà tiwọn ṣe ń jà.

Àpẹẹrẹ kan tó ṣì tutù ni ti oṣù kọkànlá ọdún 2024. Iléeṣẹ́ adójútòfò Anthem Blue Cross Blue Shield kéde pé láti oṣù kejì ọdún 2025, òun máa fi gbèdéke sí iye àkókò tí òun máa sanwó fún nígbà tí wọ́n bá fún aláìsàn ní oògùn oorun fún iṣẹ́ abẹ. Connecticut, New York àti Missouri lọ̀rọ̀ náà kàn. Ó yẹ ká ṣàlàyé pé àkókò wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣírò owó irú dókítà bẹ́ẹ̀ níbẹ̀: iye kan wà fún iṣẹ́ náà fúnra ẹ̀, òmíràn á wá máa gun orí ẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí iṣẹ́ abẹ bá wá pẹ́ ju gbèdéke lọ nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ń dà, dókítà kò lè torí ẹ̀ jí aláìsàn lórí tábìlì.

Ẹgbẹ́ àwọn dókítà náà, American Society of Anesthesiologists, tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti ọdún 1905, ló kọ́kọ́ figbe ta. Wọn kò sọ pé owó àwọn máa dínkù nìkan. Wọ́n sọ ọ́ lọ́nà tí ará ìlú fi máa yé e: bí iṣẹ́ abẹ yín bá pẹ́, iléeṣẹ́ yìí kò ní san owó tó kù. Àwọn olóṣèlú gbọ́, Gómìnà New York, Kathy Hochul, náà dá sí i. Àsìkò náà sì jẹ́ àsìkò tí inú ń bí àwọn ará Amẹ́ríkà sí àwọn adójútòfò. Ọjọ́ kẹrin oṣù kejìlá ni wọ́n yìnbọn pa ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ UnitedHealthcare ní New York, ariwo sì gba gbogbo ìlú. Ní ọjọ́ kejì ẹ̀, Anthem kéde pé òun ti jáwọ́ nínú ètò náà. Iléeṣẹ́ náà ní àwọn èèyàn ṣi òun gbọ́, pé kì í ṣe pé òun kò fẹ́ sanwó iṣẹ́ tó yẹ.

Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ ẹ̀ka kan ṣoṣo, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí, ló kọ́kọ́ rí ewu náà, nítorí pé òun ló mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣírò iṣẹ́ yẹn. Ìyá ẹgbẹ́ tó kó gbogbo dókítà jọ lè má tètè ṣàkíyèsí irú ìlà kan bẹ́ẹ̀ nínú ìwé gbọọrọ.

Ṣùgbọ́n òfin kò gbà wọ́n láyè láti ṣe bó ṣe wù wọ́n. Lọ́dún 1982, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ l'Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ kan tó wá láti ìpínlẹ̀ Arizona, wọ́n sì sọ pé àwọn dókítà tó dá dúró láàyè ara wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti pa ẹnu pọ̀ lórí iye tí wọ́n máa gbà, nítorí pé ó lòdì sí òfin tó dáàbò bo ìdíje nínú òwò. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ ibẹ̀ kì í fi í sọ pé iye báyìí ni kí gbogbo wa gbà. Ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin ni wọ́n ń gbà lọ, wọ́n á sì fi sùúrù rọ̀ mọ́ ọn. Òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1997 ń halẹ̀ láti gé owó tí ìjọba ń san fún dókítà tó ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ìgbà 17 ni ilé aṣòfin sún gígé náà síwájú, kí wọ́n tó wọ́gi lé e pátápátá lọ́dún 2015. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni àwọn ẹgbẹ́ dókítà fi ń lọ, tí wọ́n ń bọ̀.

NÍWÁJÚ ÀWỌN AṢÒFIN WA

Àwọn ẹgbẹ́ tiwa náà mọ ọ̀nà Abuja. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù lọ́dún 2014, kò bọ́ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́. Ilé aṣòfin ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i lọ́dún 2011, ààrẹ kò buwọ́ lù ú, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. NMA wà lára àwọn tó dúró tì í gbágbáágbá. Òfin náà ló sọ pé, ó kéré tán, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọ àpò ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ lọ sí ìtọ́jú ìlera tó kéré jù tó tọ́ sí ará ìlú, kí ìdajì ẹ̀ sì gba ọ̀dọ̀ ètò adójútòfò kọjá. Pẹ̀lú ẹ̀ náà, inú ìṣúná ọdún 2018 ni owó ọ̀hún tó kọ́kọ́ fara hàn, nǹkan bíi bílíọ̀nù 55 náírà. Ẹ rí i pé kí òfin jáde yàtọ̀ sí kí owó jáde.

Èyí tó ṣì wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn ni ti oṣù kẹrin ọdún 2023. Ọ̀gbẹ́ni Ganiyu Johnson, tó ń ṣojú ẹkùn kan ní Oshòdì-Ìsọlọ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin, gbé àbádòfin kan wá pé kí dókítà tó bá kàwé ní Nàìjíríà kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ níbí fún ọdún márùn-ún kí wọ́n tó fún un ní ìwé àṣẹ tó kún. Ìrìnàjò àwọn dókítà sí òkè òkun ló fẹ́ fi dá dúró. Àbádòfin náà kọjá ìpele kejì, ni ilé bá gbaná. NMA, MDCAN àti NARD ló pohùn pọ̀ pé ìgbèkùn ni. Nínú oṣù karùn-ún ọdún náà, NARD gùn lé ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ ọlọ́jọ́ márùn-ún, àbádòfin yìí sì wà lára ohun tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe é, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ owó oṣù. Ilé aṣòfin ìgbà náà parí sáà ẹ̀ ní oṣù kẹfà, àbádòfin náà kò sì di òfin.

Àwọn dókítà borí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ọjọ́ márùn-ún tí wọ́n kò fi ṣiṣẹ́ yẹn, aláìsàn ló san án. Ẹni tí wọ́n dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún kò rí i ṣe, ẹni tó ti ìgbèríko wá tún wọkọ̀ padà. Ohun ìjà tó lágbára jù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ dókítà ni pé kí wọ́n dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ohun ìjà yẹn kan náà ló sì ń kọ́kọ́ ba ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀.

TA LÓ Ń SỌ̀RỌ̀ FÚN ALÁÌSÀN?

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé dúró nìyí. Dókítà ní ẹgbẹ́, HMO ní ẹgbẹ́, ìjọba ní àjọ. Ẹni tó mú káàdì lọ́wọ́, tí wọ́n ń torí ẹ̀ ṣe gbogbo ìpàdé, kò ní ẹgbẹ́ kankan tó lórúkọ. Bí wọ́n bá sì fi owó kún owó ọsibítù, tí ẹnì kankan kò béèrè ohun tí owó náà ṣe, a lè bá 1,450 náírà níbi tá a bá 750 náírà sí: oògùn kò sí, ẹ lọ rà á níta.

Ohun tó yẹ kó yé wa ni pé ìjà dókítà lórí owó kì í ṣe ìjà dókítà nìkan. Bí owó tí HMO ń san bá kéré jù, ọ̀dọ̀ wa ni gbèsè náà ń dé sí. Bó bá sì jẹ́ pé ó tó, a lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ìyàtọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní káàdì NHIA, tàbí ti ìpínlẹ̀ ẹ̀, bí Ìlera Èkó ní Èkó tàbí OYSHIA ní Ọ̀yọ́, kó béèrè ìwé tó ṣàlàyé ohun tí owó ẹ̀ kó. Kó mọ̀ pé fún oògùn lábẹ́ ètò ìjọba àpapọ̀, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún péré ló yẹ kó san. Bí kóòdù bá falẹ̀ ju wákàtí kan lọ, kó kọ aago tó béèrè àti aago tó dé sílẹ̀, kó sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì NHIA tó wà ní ìpínlẹ̀ ẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ náà, tó jẹ́ pé orí ọmọ ẹgbẹ́ wọn ni ètò náà ti bẹ̀rẹ̀, lè fi ọ̀rọ̀ yìí kún ohun tí wọ́n ń bá ìjọba sọ.

Àwọn dókítà ti fi hàn pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá ẹ̀ ń gbé. Àwa tá a ni àìsàn, tá a sì ni káàdì, ìgbà wo la máa ṣípá tiwa?